Abèèrè Ọ̀nà Kì í Ṣìnà: Ìtàn Ìtọ́sọ́nà Inú Ilé fún Àwọn Afọ́jú, láti Orí Ọ̀pá dé Orí Ẹ̀rọ Tí Ń Sọ̀rọ̀

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí òwe yìí ti kan gbogbo arìnrìn-àjò tó, kò sí ẹni tí ó kàn tó afọ́jú. Ẹni tí ojú rẹ̀ là lè ka àkọlé ara ògiri. Ó lè wo ibi tí èrò ń wọ́ lọ, kí ó sì tẹ̀ lé wọn. Ó lè fi ojú wá ilẹ̀kùn tí ó ń fẹ́ láti òkèèrè. Etí, ẹnu, imú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ti afọ́jú. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìtàn ìrìn afọ́jú ti jẹ́ ìtàn ìbéèrè àti ìdáhùn: ta ni yóò dáhùn, èdè wo ni yóò fi dáhùn, kí sì ni ẹni tí ó béèrè yóò san fún ìdáhùn náà?

Ìrìn ìta gbangba àti ìrìn inú ilé kì í ṣe ọgbọọgba. Ní ìta, oòrùn a máa pa ènìyàn ní ẹ̀gbẹ́ kan, ariwo ọjà a máa wá láti apá kan, ìró ọkọ̀ a sì máa fi ibi tí títì wà hàn. Nínú ilé ńlá òde òní, àwọn àmì wọ̀nyí a máa pòórá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan jọ èkejì, ilẹ̀kùn jọ ilẹ̀kùn, ohùn a sì máa gbá ara ògiri padà títí etí kò fi ní mọ ibi tí ó ti wá. Ilé tí ó yẹ kí ó jẹ́ ibi ìsinmi wá di ibi ìṣìnà.

Ìtàn ìtọ́sọ́nà inú ilé yìí ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò, láti orí ọ̀pá àti ọmọ tí ń fa ọ̀pá títí dé orí fóònù alágbèéká tí ń sọ̀rọ̀ sí etí. Rumuodara, ní ẹ̀gbẹ́ Port Harcourt, ni àpẹẹrẹ ibi tí ìtàn náà dé báyìí ní Nàìjíríà. Ohun tí ó jẹyọ nínú rẹ̀ ni pé ìṣòro tí ó kù kì í ṣe ti iná mọ̀nàmọ́ná àti owó nìkan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìṣòro èdè, àwọn onímọ̀ èdè ni ó sì wà ní ipò láti yanjú rẹ̀.

2.0 Agboolé, Ọ̀pá àti Ọmọ Tí Ń Fa Ọ̀pá

Kí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹ̀rọ tó dé, ohun mẹ́ta ni afọ́jú fi ń rìn ní àwùjọ Yorùbá: ilé tí ó mọ̀, ọ̀pá tí ó dì mú, àti ènìyàn tí ó ń fà á lọ́wọ́.

Ti ilé ni ó kọ́kọ́ yẹ fún àkíyèsí. Nínú agboolé àtijọ́, àwọn yàrá a máa tò yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ a sì so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ tẹ̀ lé ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò kan ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ìtẹ̀léra, yóò sì tún padà sí ibi tí ó ti gbéra. Èéfín ni yóò sọ ibi ìdáná fún un, ìró odó ni yóò sọ ibi tí wọ́n ti ń gúnyán, ìtutù àmù ni yóò sọ igun tí omi wà. Bí ó bá tilẹ̀ ṣi ẹsẹ̀ gbé, ará ilé kan yóò ké sí i. Ilé náà fúnra rẹ̀ ni atọ́nà. Àléébù ìmọ̀ yìí ni pé kò ṣeé gbé kúrò níbi tí ó wà: afọ́jú tí ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ agboolé baba rẹ̀ di àjèjì pátápátá ní agboolé kejì.

Ọ̀pá ni ó ń bá a dé ìta. Òun ni ó fi ń kan ilẹ̀ kí ó lè mọ ibi tí kòtò wà àti ibi tí gbòǹgbò igi ti yọrí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá àtijọ́ kì í ṣe ti afọ́jú nìkan. Arúgbó ń tẹ̀ ẹ́, darandaran ń gbé e, kò sì sí ohun tí ó fi ti afọ́jú hàn yàtọ̀ lójú ẹni tí ó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn ni ènìyàn, òun ni ó sì lágbára jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwòrán náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti dúró ní ibùdókọ̀ ní ìlú ńlá: ọmọdé di etí ọ̀pá kan mú níwájú, afọ́jú di etí kejì mú lẹ́yìn. Ọmọ náà ni ó ń ka àkọlé bí ó bá mọ̀wé, òun ni ó ń bèèrè ọ̀nà, òun ni ó ń sọ pé àtẹ̀gùn ti dé. Kò sí ẹ̀rọ kan títí di òní tí ó gbọ́n tó ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń san fún ìtọ́sọ́nà náà wúwo. Àkókò tí ọmọ náà ì bá fi wà ní kíláàsì ni ó fi ń fa ọ̀pá. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni ó de ènìyàn méjì: níwọ̀n ìgbà tí àgbàlagbà náà kò lè dá rìn, ọmọ náà kò lè dá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ọ̀nà tí afọ́jú yóò fi dá rìn ń wá òmìnira ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kí kókó yìí wà lọ́kàn bí ìtàn náà ti ń lọ, nítorí òun ni ó sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́.

3.0 Ilé-ẹ̀kọ́ àti Ọ̀pá Funfun

Ìyípadà àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀kọ́. Louis Braille (1809–1852), ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ojú rẹ̀ fọ́ ní kékeré, tẹ ìwé jáde ní 1829 lórí ọ̀nà ìkọ̀wé oníkókó tí orúkọ rẹ̀ mọ́ títí di òní. Láti ìgbà náà ni ìka ọwọ́ ti lè kàwé. Bí ìka bá sì lè ka ìwé, ó lè ka àkọlé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú, bí ẹni tí ó kọ́ ilé bá rántí láti fi í síbẹ̀.

Ní Nàìjíríà, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú sílẹ̀ ní Gindiri, nítòsí Jos, ní 1953. Ní 1962, ìjọ Kátólíìkì dá ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli sílẹ̀ ní Surulere, ní Èkó, fún àwọn ọmọ tí kò ríran àti àwọn tí ojú wọn ń ríran bàìbàì. Ní 1977, ọdún tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè jáde tí ó sì fi ẹ̀kọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá sínú rẹ̀, ni kọ́lẹ́jì tí ń kọ́ olùkọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní irú ilé-ẹ̀kọ́ báyìí ni ìrìn ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò.

Ìrìn di ẹ̀kọ́ nítorí pé ọ̀pá ti di ohun mìíràn ní òkè òkun. Ní 1921, James Biggs, ayàwòrán kan ní Bristol tí ojú rẹ̀ fọ́, kun ọ̀pá rẹ̀ ní ọ̀dà funfun kí àwọn awakọ̀ lè máa rí i. Ní 1931, Guilly d'Herbemont bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọ̀pá funfun fún àwọn afọ́jú ní Paris. Títí di ìgbà náà, iṣẹ́ tí àwọ̀ funfun ń ṣe ni láti kìlọ̀ fún ẹlòmíràn. Ìgbà ogun àgbáyé kejì ni Richard Hoover, tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́ ní ilé ìwòsàn Valley Forge ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ di irinṣẹ́ afọ́jú fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ kí ọ̀pá gùn dé igbáàyà. Ó sì fẹ́ kí ẹni tí ó mú un máa fì í sí ọ̀tún àti sí òsì níwájú ara rẹ̀, kí ọ̀pá kan apá òsì bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń lọ síwájú, kí ó sì kan apá ọ̀tún bí ẹsẹ̀ òsì bá ń lọ. Báyìí ni ọ̀pá ṣe ń yẹ ilẹ̀ wò kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Ní 1964, ìjọba Amẹ́ríkà ya ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ fún ọ̀pá funfun, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí Nàìjíríà wà lára wọn, sì ń ṣe àjọ̀dún ọjọ́ náà.

Ilẹ̀ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ní 1965, Seiichi Miyake, ará Japan, ṣe àwo ilẹ̀ tí ó ní kókó àti ilà rìgìdì tí àtẹ́lẹsẹ̀ lè mọ̀ lára, wọ́n sì tẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ sí ojú títì ní Okayama ní oṣù kẹta ọdún 1967. Ilà ń wí pé kí ẹsẹ̀ máa lọ. Kókó ń wí pé kí ẹsẹ̀ dúró. Láti ojú títì ni àwo náà ti wọ ibùdókọ̀ ojú irin àti ilé ìjọba ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìbéèrè kan kù láìní ìdáhùn. Ọ̀pá lè sọ pé ilẹ̀kùn wà níbí. Kò lè sọ pé ilẹ̀kùn dókítà ni tàbí ti ẹni tí ń gba owó. Àwo ilẹ̀ lè sọ pé ọ̀nà pín sí méjì. Kò lè sọ èyí tí ó lọ sí ibi tí ènìyàn ń lọ. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún ẹ̀rọ láti ṣe ni kí ó pe nǹkan ní orúkọ.

4.0 Bí Ẹ̀rọ Ṣe Wọ Inú Ilé

Àdán ni olùkọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú. Bí àdán ti ń ké ní òkùnkùn tí ó sì ń fi etí gba ìró tí ó padà wá, bẹ́ẹ̀ ni Leslie Kay ṣe ẹ̀rọ kan ní ẹ̀wádún 1960 tí ń rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ jáde, tí ó sì ń sọ èyí tí ó padà wá di ohùn tí etí lè gbọ́. Ẹ̀rọ náà ń sọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ṣùgbọ́n ọ̀pá gígùn ni ó ṣì jẹ́: kò mọ orúkọ ohunkóhun.

Nǹkan bí ọdún 1979 ni orúkọ wọlé. Ní ilé ìwádìí ojú Smith-Kettlewell ní San Francisco, wọ́n ṣe àkọlé tí ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kọ́ ara ògiri, ẹ̀rọ náà sì ń fi ìtànṣán tí ojú kò rí gbé ohùn jáde. Afọ́jú mú ẹ̀rọ agbàròyìn lọ́wọ́, ó ń fì í kiri, ibi tí ó bá ti dojú kọ àkọlé ni yóò ti gbọ́ ohùn tí ó sọ pé ibí ni ẹnu ọ̀nà wà tàbí ibí ni wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ògiri dá afọ́jú lóhùn láìsí pé ó bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Owó ẹ̀rọ náà àti pé ènìyàn ní láti ní agbàròyìn tirẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó tàn dé ibi gbogbo.

Lẹ́yìn náà ni ti sátẹ́láìtì. Ìjọba Amẹ́ríkà rán àkọ́kọ́ nínú àwọn sátẹ́láìtì GPS sí òfuurufú ní 1978. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, wọ́n mú ìdíwọ́ tí wọ́n fi ń dín ìpéye rẹ̀ kù fún ará ìlú kúrò. Láti ìgbà náà, fóònù lè sọ fún afọ́jú pé ó ti dé òpópónà kan. Ṣùgbọ́n àwọn sátẹ́láìtì náà ga ju ọ̀kẹ́ kan kìlómítà lọ sókè. Nígbà tí ìró wọn bá fi dé ilẹ̀, ó ti rẹ̀ débi pé òrùlé àti kọnkéré a máa dá a dúró. Ní ẹnu ọ̀nà ilé gan-an ni atọ́nà náà ti ń fi ẹni tí ó tọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe wá akéde tí yóò máa gbé inú ilé. Bluetooth oníná díẹ̀, tí ó jáde ní 2010, ni ó mú un ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí bátìrì rẹ̀ lè pẹ́ ju ọdún kan lọ, ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa kéde nọ́ńbà ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, gẹ́gẹ́ bí akéde ìlú ti ń lu agogo rẹ̀. Fóònù ń gbọ́ akéde méjì tàbí mẹ́ta, ó ń wo èyí tí ohùn rẹ̀ ròkè jù, ó ń fi wọ́n wé àwòrán ilé tí wọ́n ti kó sínú rẹ̀, ó sì ń sọ ibi tí ènìyàn dúró sí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọ̀dọ́ afọ́jú ni ó béèrè bí wọ́n ṣe lè dá rìn nínú ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ìbéèrè wọn ni ó bí iṣẹ́ Wayfindr, tí wọ́n dán wò ní ibùdókọ̀ Pimlico ní 2015. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ITU, àjọ àgbáyé fún ìbánisọ̀rọ̀ tí Nàìjíríà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, sọ ìlànà tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde di ìlànà àgbáyé, wọ́n sì pè é ní F.921.

Ní ọdún 2015 kan náà ni Chieko Asakawa, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ ilẹ̀ Japan tí ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM àti ní Yunifásítì Carnegie Mellon gbé NavCog jáde. Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé afọ́jú fúnra rẹ̀ ni ó darí iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo kámẹ́rà fóònù dípò akéde: wọ́n ti ya àwòrán inú ilé sílẹ̀ ṣáájú, fóònù sì ń fi ohun tí kámẹ́rà rẹ̀ ń rí wé àwòrán náà. Irú èyí kò nílò bátìrì lára ògiri, ṣùgbọ́n ó nílò fóònù olówó gọbọi. Ohun kan sì ni gbogbo wọn jọ nílò: ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti rin inú ilé náà ṣáájú, kí ó sì ti sọ orúkọ ibi gbogbo. Bí wọ́n bá gbé yàrá olóògùn kúrò ní ìsàlẹ̀ lọ sí òkè láìsọ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà yóò máa fi ọ̀nà àná han ènìyàn.

5.0 Rumuodara àti Òfin Nàìjíríà

Rumuodara jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú ilẹ̀ Ikwerre ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor, ní ìpínlẹ̀ Rivers. 'Rumu' tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti bẹ̀rẹ̀ orúkọ Rumuokoro àti Rumuola, túmọ̀ sí 'àwọn ọmọ'. Orúkọ náà jọ bí Yorùbá ti ń pe agboolé mọ́ orúkọ baba ńlá tí ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ní 1913 ni èbúté tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ nítorí èédú Enugu gba orúkọ Port Harcourt. Nígbà tí epo rọ̀bì dé, ìlú náà fẹ̀ títí ó fi gba àwọn ìletò Ikwerre mọ́ra. Ibi tí ìran kan ti mọ ojúlé ara wọn tẹ́lẹ̀ di ibi tí Ikwerre, Ìjọ, Ìgbò, Ogoni, Ìbìbíò àti Yorùbá ti ń gbé pọ̀.

Ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní East-West Road gba Rumuodara kọjá. Ọ̀nà kan náà ni ó gba Rumuokoro dé Alakahia, níbi tí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Port Harcourt wà. Ó tọ́ láti fojú inú wo afọ́jú kan tí ó gbéra ní Rumuodara tí ó sì fẹ́ dé ilé ìwòsàn ńlá kan, èyíkéyìí tí ó wù kí ó jẹ́. Nínú ọkọ̀, kò ní ìṣòro púpọ̀, nítorí kọ̀ńdọ́ ń pe orúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohùn rara. Kọ̀ńdọ́ yìí ni akéde tí ó dàgbà jù ní Nàìjíríà: ó ń sọ orúkọ ibi tí ó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ dé, ó ń sọ ọ́ lásìkò, ó sì ń sọ ọ́ ní èdè tí èrò ọkọ̀ gbọ́. Ibi tí ohùn kọ̀ńdọ́ bá ti dópin ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Inú ilé ìwòsàn ńlá yòówù ní ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, ibi tí wọ́n ti ń dúró, yàrá dókítà, ibi tí wọ́n ti ń sanwó, ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Ẹnu ọ̀nà mẹ́fà ni èyí, àkọlé gbogbo wọn sì sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà tí ojú nìkan lè kà.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò kéré níye. Ìwádìí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàárín 2005 àti 2007, nínú èyí tí wọ́n yẹ ojú àwọn ènìyàn 13,591 wò, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó ti pé ogójì ọdún, ó lé ní mẹ́rin tí ó fọ́jú. Iye wọn nígbà náà jẹ́ nǹkan bí 1,130,000. Bí wọ́n bá ka àwọn tí ojú wọn ń ríran bàìbàì mọ́ wọn, iye náà di nǹkan bí 4,250,000. Àwọn tí ojú wọn ń ríran bàìbàì yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ a máa mú kí wọ́n gbàgbé. Ọ̀dà pupa rúsúrúsú ní etí àtẹ̀gùn, lẹ́tà ńlá dúdú lórí pátákó funfun, àti iná tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè tó wọn láti dá rìn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Òfin kò ṣàìsọ̀rọ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní 2007, ó sì tẹ́wọ́ gbà á ní kíkún ní 2010. Abala kẹsàn-án àdéhùn náà béèrè pé kí ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní àkọlé oníkókó, kí ènìyàn tí ń tọ́ni sọ́nà sì wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, òfin àpapọ̀ tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀ gba ìfọwọ́sí ààrẹ. Ó fún àwọn tí wọ́n ni ilé gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe kí aláàbọ̀ ara lè máa wọ̀ ọ́. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Láti ìgbà náà, ẹ̀tọ́ afọ́jú láti dá rìn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú mọ́. Ṣùgbọ́n òfin lè pàṣẹ pé kí ilé sọ̀rọ̀. Òun kọ́ ni yóò kọ́ ilé ní ohun tí yóò sọ.

6.0 Èdè Wo Ni Ògiri Yóò Sọ?

Ìbéèrè tí ó kù ni ó kan àwọn onímọ̀ èdè jù lọ. Fóònù tí ó bá ń tọ́ afọ́jú sọ́nà ní Rumuodara, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ì báà jẹ́ ọmọ Ikwerre tàbí Yorùbá tí ó wá ṣòwò níbẹ̀, yóò tún padà sídìí ọmọ tí ń fa ọ̀pá. Bí ẹ̀rọ bá sì wá gbìyànjú Yorùbá láìmọ ohùn, ewu rẹ̀ lè ju àǹfààní rẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ díẹ̀ tó láti fi èyí hàn. Bí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ kò bá fi àmì sí i, 'ategun' lè jẹ́ àtẹ̀gùn tí ènìyàn ń gùn tàbí atẹ́gùn tí ń fẹ́. Ẹni tí ẹ̀rọ bá sọ fún pé atẹ́gùn wà níwájú yóò rìn lọ ní ìgboyà, yóò sì ṣubú. 'Osi' láìsí àmì lè jẹ́ ọwọ́ òsì tàbí òṣì tí ń ta ènìyàn. 'Ese mewaa' lè jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́wàá tàbí ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́wàá. Ẹni tí ojú rẹ̀ là yóò rẹ́rìn-ín sí irú àṣìṣe báyìí, nítorí ojú rẹ̀ ti rí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ sódì. Afọ́jú kò ní ẹlẹ́rìí mìíràn. Àwọn tí ó ti ń jiyàn láti ìgbà pípẹ́ pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú àkọtọ́ Yorùbá kò lè rí ẹ̀rí tí ó dájú ju èyí lọ.

Iṣẹ́ lórí ohùn ẹ̀rọ ní Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀wádún àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí, Ọdétúnjí Ọdéjọbí ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè pe ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ bí ó ti yẹ nínú gbólóhùn. Ní 2020, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn olùwádìí kan ní Google kó ohùn Yorùbá àwọn ènìyàn 36 jọ, tí ó tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti lò. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ Meta gbé ohùn ẹ̀rọ jáde ní èdè tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, Yorùbá sì wà lára wọn. Ẹnu ẹ̀rọ ti ń là. Ohun tí yóò fi ẹnu náà sọ ni kò tíì tó.

Èdè Yorùbá kò tòṣì ní ti ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà. Ara ènìyàn ni ó ti fa púpọ̀ nínú wọn yọ: ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, orí, ẹnu ọ̀nà, ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ òkè. Ara yìí afọ́jú ní in lódindi, kò sì ní láti rí ohunkóhun kí ó tó mọ ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí sàn fún un ju àṣà àwọn olùkọ́ kan tí ń fi ojú agogo júwe ọ̀nà, tí wọn yóò sọ pé ilẹ̀kùn wà ní agogo mẹ́ta, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ojú wọn fọ́ láti kékeré kò fi ojú rí agogo rí. Inú ilé pẹ̀lú ní orúkọ tirẹ̀: ìloro, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyẹ̀wù, àgbàlá, kọ̀rọ̀, igun, àjà. Ohun tí ó kù ni kí àwọn onímọ̀ yan èyí tí wọn yóò lò, kí gbogbo ilé lè máa sọ ọ̀kan náà. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ẹ̀wádún 1980, Ayọ̀ Bámgbóṣé darí àkójọ èdè-ìperí Yorùbá fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀, ìdìpọ̀ kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì jáde ní 1990. Àwọn ọ̀rọ̀ bí 'ìtọ́sọ́nà inú ilé', 'àmì ojú ọ̀nà', 'àwòrán ilé', 'ìṣísẹ̀' fún òṣùwọ̀n ìrìn, àti 'akéde' fún ẹ̀rọ kékeré ara ògiri lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ irú àkójọ bẹ́ẹ̀.

Ti Ikwerre àti àwọn èdè tí kò ní olùsọ púpọ̀ kò yẹ ní ìgbàgbé. Ìpínlẹ̀ Rivers kan náà ni ó fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ ní ẹ̀wádún 1970, nígbà tí Kay Williamson, tí ó kọ́ni ní Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Yunifásítì Port Harcourt, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwé kíkà fún àwọn ọmọdé ní nǹkan bí ogún èdè ìpínlẹ̀ náà. Bí ó bá ṣeé ṣe nígbà náà láti fi ogún èdè kọ ìwé, kò yẹ kí ó ṣòro jù lónìí láti fi wọ́n gba ohùn sílẹ̀. Gbólóhùn tí ìtọ́sọ́nà inú ilé kan nílò kò pọ̀: yà sí ọ̀tún, yà sí òsì, dúró, àtẹ̀gùn mẹ́jọ lọ sókè, ilẹ̀kùn wà níwájú rẹ. Ẹni tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa lè sọ wọ́n sínú ẹ̀rọ láàárín ọjọ́ kan, láìdúró de ìgbà tí kọ̀ǹpútà yóò mọ èdè náà sọ fúnra rẹ̀.

7.0 Ìkádìí

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ohun ìtọ́sọ́nà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Agboolé ń tọ́ ọmọ ilé sọ́nà, kò tọ́ àlejò. Ọ̀pá funfun ń dáàbò bo ẹsẹ̀, kò mọ orúkọ yàrá. Sátẹ́láìtì ń dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Akéde ara ògiri wọlé, ṣùgbọ́n èdè àjèjì ni ó ń sọ. Ọmọ tí ń fa ọ̀pá nìkan ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìgbà èwe rẹ̀ ni ó sì fi ń san án.

Òfin ti fi ẹ̀tọ́ lélẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì ti ṣe ipa tiwọn. Ipa àwọn tí ń kọ́ni ní èdè Nàìjíríà ni láti rí i pé ohùn tí yóò máa dá afọ́jú lóhùn jẹ́ ohùn tí ó gbọ́, tí ó péye ní àmì àti ní orúkọ. Bí abèèrè ọ̀nà kò bá ní ṣìnà lóòótọ́, ẹni tí ó dá a lóhùn gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìyá àgbà kan bá lè ti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn dé ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn láìsí ẹni tí ó fà á lọ́wọ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò wà ní kíláàsì.